Bí A Ṣe Lè Dènà Kọ́mẹ́ǹtì Àwọn Oníjìbìtì Lábẹ́ Fídíò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń wá ilẹ̀ sí Mowe, Ibafo tàbí Ifo ni ó ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà nínú fídíò orí fóònù kí ó tó wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn aránṣọ, alásè, olórin, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ń lo YouTube, Facebook àti TikTok láti fi iṣẹ́ wọn han aráyé. Abẹ́ irú fídíò bẹ́ẹ̀ ni àyè wà fún olùwòran láti béèrè ọ̀rọ̀ tàbí láti sọ èrò rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kọ́mẹ́ǹtì. Àyè náà wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníjìbìtì ń ba sí. Àlàyé yìí wà fún oníkànnì àti olùwòran.

Ohun tí kọ́mẹ́ǹtì pàǹtí jẹ́

Kọ́mẹ́ǹtì pàǹtí, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní spam, ni ọ̀rọ̀ tí kò bá fídíò tan, tí a ń kọ ní àkọtúnkọ láti fa olùwòran lọ síbòmíràn. Ẹ̀rọ ni ó ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ọ́, ìdí nìyí tí ó fi ń pọ̀ bí eṣú. YouTube kéde pé láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́ ọdún 2022, òun yọ irú kọ́mẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní bílíọ̀nù 1.1 kúrò. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń yọ́ kọjá.

Irú mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀:

1. Afarawé: oníjìbìtì yóò lo orúkọ àti àwòrán oníkànnì. Bí olùwòran bá béèrè pé èló ni púlọ́ọ̀tì kan, òun ni yóò sáré dáhùn, tí yóò sì fi nọ́ńbà WhatsApp tirẹ̀ sílẹ̀.

2. Ẹ̀rí èké lórí ìdókòwò: ẹnì kan yóò yin ẹni tí ó ń bá a sọ owó di púpọ̀. Àwọn mìíràn yóò fèsì pé àwọn náà ti jèrè. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ gbogbo rẹ̀.

3. Egbòogi tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àìsàn, tàbí ìlérí oògùn owó.

4. Agbowópadà: ẹni tí ó ní òun lè gba owó tí wọ́n ti fi jìbìtì gbà lọ́wọ́ yín padà, bí ẹ bá kọ́kọ́ san owó iṣẹ́.

Ohun kan ni ó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: gbogbo wọn ni ó fẹ́ kí ẹ kúrò ní gbangba, kí ẹ wá bá àwọn níbi tí ẹlòmíràn kò ti ní rí yín kìlọ̀ fún yín. Nítorí náà, ẹ má ṣe pe nọ́ńbà kankan, ẹ má sì ṣe tẹ líǹkì kankan tí ẹ bá rí nínú kọ́mẹ́ǹtì.

Ojúṣe oníkànnì

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fi abẹ́ fídíò rẹ̀ sílẹ̀ láìtọ́jú ń fi oníbàárà rẹ̀ lé oníjìbìtì lọ́wọ́, orúkọ tirẹ̀ ni yóò sì bàjẹ́.

Lórí YouTube Studio, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wá abala tí ó wà fún kọ́mẹ́ǹtì. Níbẹ̀, ẹ lè pàṣẹ kí kọ́mẹ́ǹtì tí ó bá ní líǹkì nínú má ṣe jáde títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún lè to àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ dènà, bíi WhatsApp, Telegram àti orúkọ àwọn ìdókòwò ayédèrú. Bí èyí tí ó burú bá jáde, ẹ má fèsì sí i. Ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun YouTube, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì fi ẹni tí ó kọ ọ́ pamọ́ kúrò lórí ìkànnì yín. Facebook àti TikTok náà ní irú àsẹ́ báyìí.

Ẹ sọ nọ́ńbà yín gan-an nínú fídíò, ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí olùwòran mọ̀ pé ẹ kì í fi nọ́ńbà ránṣẹ́ nínú kọ́mẹ́ǹtì.

Ojúṣe olùwòran

Lórí YouTube, orúkọ ìdánimọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì @ kì í jọra fún ènìyàn méjì. Ẹ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wé ti ìkànnì náà. Bí ó bá jẹ́ oníkànnì ni ó fèsì lóòótọ́, YouTube máa ń fi àwọ̀ yí orúkọ rẹ̀ ká kí ó lè yàtọ̀.

Ní ti ilẹ̀, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ kí ẹ tó fi ojú yín rí i, kí ẹ sì tó ṣe àyẹ̀wò ìwé rẹ̀ ní Àjọ Ilẹ̀ àti Ìwọnlẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta. Ní ti ìdókòwò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ SEC bóyá ilé iṣẹ́ náà forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni owó wọn há nígbà tí CBEX dẹnu kọlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Bí owó bá ti jáde

Ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, nítorí bí wákàtí bá ti ń kọjá ni owó náà ń jìnnà sí i. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù tí ó fi kọ́mẹ́ǹtì, nọ́ńbà àti ìwé ẹ̀rí ìsanwó hàn kí oníjìbìtì tó pa wọ́n rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹjọ́ sun àgọ́ ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ yín, tàbí ibùdó àwọn ọlọ́pàá tí ó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní nccc.npf.gov.ng, tàbí àjọ EFCC. Ẹ má ṣe gba àwọn agbowópadà gbọ́.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 32 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀tàn orí ẹ̀rọ wá àṣírí ẹlòmíràn lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí kí ó san ìtanràn mílíọ̀nù 1 náírà, tàbí méjèèjì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka àlàyé yìí fún àwọn òbí àti àgbà tí ó wà nínú ilé yín, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo fóònù ìgbàlódé.