Ẹgbẹ́ Òmùwẹ̀ Adágún Serpentine ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn baba wa a máa wí pé òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ. Òtítọ́ ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá pàápàá ń bá omi lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, ọ̀kan nínú àwa ọmọ kíláàsì yọ̀ ṣubú sínú odò níbi tí a ti lọ pọn omi. Àwa bíi mẹ́wàá ni a dúró ní bèbè tí a ń ké, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè lúwẹ̀ẹ́. Kí àgbàlagbà kan tó sáré dé, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè ka ìtàn omi sí ìtàn eré lásán. Nítorí ìdí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá mi gbé ìtàn ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ kan yẹ̀ wò, ẹgbẹ́ tí ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún, tí omi rẹ̀ sì wà ní àárín gbùngbùn ìlú ńlá.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọgbà títóbi kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hyde Park. Ní ọdún 1536 ni Ọba Henry Kẹjọ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn mọ́ńkì Westminster, tí ó sì sọ ọ́ di igbó ọdẹ ti ara rẹ̀. Ní ọdún 1637, Ọba Charles Kìn-ín-ní ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Odò kékeré kan tí a ń pè ní Westbourne a máa ṣàn gba inú ọgbà náà kọjá lọ sínú odò ńlá Thames. Ní ọdún 1730, Ayaba Caroline, aya Ọba George Kejì, pàṣẹ pé kí a sé odò yìí kí ó lè di adágún. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ ògiri amọ̀ dí i, omi sì tẹ́jú lọ títí ó fi gba nǹkan bí éékà 40. Serpentine ni wọ́n sọ adágún náà, èyí tí í ṣe pé ó wọ́ bí ejò. Ẹwà ojú ni ayaba ń wá. Kò sí ohun tí ó fi hàn pé ó ro ti ìlúwẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n níbi tí omi bá gbé wà, kò sí bí ènìyàn kò ṣe ní í wọ inú rẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ènìyàn a máa wẹ̀ níbẹ̀. Ní ìgbà òtútù, nígbà tí ojú omi bá dì gbagidi bí òkúta, wọn a máa fi bàtà onírin sáré lórí rẹ̀. Lọ́nà méjèèjì ni ẹ̀mí gbé ń ṣòfò. Bí omi dídì bá fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, ọ̀rọ̀ di ti Ọlọ́run. Ní ọdún 1774, àwọn oníṣègùn méjì, William Hawes àti Thomas Cogan, ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí a wá mọ̀ sí Royal Humane Society, láti kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń jí ẹni tí omi gbé kí ó tó kú tán. Ní ọdún 1794 ni ẹgbẹ́ náà kọ́ ilé ìtọ́jú sí ẹ̀bá adágún yìí gan-an. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ń gbé ènìyàn jáde nínú omi ni wọ́n ṣáájú níbẹ̀, kí ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ́ra láti wẹ̀ tó dé.

Ìyọnu mìíràn tún wà. Bí ìlú ti ń gbòòrò sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbin ilé àwọn ará ìlú ń ṣàn wọ odò Westbourne, títí ó fi di pé ní ọdún 1834 a dá odò náà dúró kí ó má ṣe wọ adágún mọ́. Inú odò Thames ni a ti ń fa omi sí i lẹ́yìn náà. Ní ayé ìsinsìnyí, inú kànga jíjìn tí a gbẹ́ sínú ọgbà náà ni omi rẹ̀ ti ń wá.

Nígbà náà, ilé púpọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni kò ní ibi ìwẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi ṣe òfin ní ọdún 1846 pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan lè fi owó ìlú kọ́ ilé ìwẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àkókò yìí ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ fún ìlúwẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1864, ọdún kan náà tí a fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, a dá Ẹgbẹ́ Òmùwẹ̀ Serpentine sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe ète kò pọ̀: kí àwọn ènìyàn lè máa wẹ̀ nínú omi gbangba láti January títí dé December, fún ìlera ara wọn. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1875, Captain Matthew Webb lúwẹ̀ẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ilẹ̀ Faransé ní wákàtí méjìlélógún ó dín díẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hó yèè, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fi ń wẹ̀, kí oníkálukú tó gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Títí di òní, bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ bá ti lù, àkókò tiwọn parí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá kọjá, wọn kì í sinmi. Omi ń tutù díẹ̀díẹ̀, ara wọn náà ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, títí òtútù ńlá yóò fi dé. Ẹni tí ó bá fò sínú irú omi bẹ́ẹ̀ láìkọ́ra tẹ́lẹ̀, èémí rẹ̀ lè dí mọ́ ọn lára, ọkàn rẹ̀ sì lè dúró. Nítorí náà ni kò fi sí àyè fún àlejò nínú eré ìje wọn tí ó lókìkí jù lọ, èyí tí wọ́n ń ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì. Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni í wẹ̀ ẹ́. Ìje náà kò ju ọ̀pá 100 lọ, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn ń bẹ tí a ní láti kọ́kọ́ fọ́ omi dídì kí ọ̀nà tó là.

Ní ọdún 1904, òǹkọ̀wé J. M. Barrie fi ife ẹ̀yẹ kan ta ẹgbẹ́ náà lọ́rẹ fún ìje Kérésìmesì yìí. Ọdún náà gan-an ni a kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀ tí ń jẹ́ Peter Pan ní Lọ́ńdọ̀nù, ìtàn ọmọkùnrin tí ó kọ̀ láti dàgbà. Orúkọ ọmọ náà ni ife náà ń jẹ́ di òní olónìí. Ẹ̀bùn náà yẹ wọ́n, nítorí pé arúgbó pẹ̀lú ọ̀dọ́ ni wọ́n jùmọ̀ ń bẹ́ sínú omi kan náà.

Ohun kan wà tí ó kù díẹ̀ káàtó. Fún ọjọ́ pípẹ́, ọkùnrin ni wọ́n fi omi náà sílẹ̀ fún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1930 ni George Lansbury, tí í ṣe mínísítà iṣẹ́ òde nínú ìjọba, ṣí ibi ìwẹ̀ tuntun sí etí adágún náà, tí ó sì gbà kí ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé jọ máa wẹ̀. Àwọn kan bínú sí i, ṣùgbọ́n ibi ìwẹ̀ náà dúró. Nínú ọgbà tí ọba kan ti fi ṣe igbó ọdẹ rí ni ọmọ mẹ̀kúnnù gbé rí àyè kọ́ bí a ṣe ń léfòó.

Ní ọdún 2012, nígbà tí eré Olympic wá sí Lọ́ńdọ̀nù, inú adágún Serpentine ni a ti wẹ ìje onígbọ̀ọ̀rọ̀ ti kìlómítà 10. Nínú ti àwọn ọkùnrin, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gba wúrà: Oussama Mellouli, ará Tùníṣíà. Ó ti gba wúrà nínú odò àfọwọ́kọ́ ní Beijing ní ọdún 2008; òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà Olympic nínú irú omi méjèèjì.

Kí ni a rí kọ́ nínú ìtàn yìí? Èkíní, ẹgbẹ́ tí ète rẹ̀ kò pọ̀, tí ó sì ń ṣe é lójoojúmọ́, a máa pẹ́ ju èyí tí ó fi ariwo bẹ̀rẹ̀ lọ. Èkejì, ìgboyà kò sí nínú bíbẹ́ sínú omi lójijì. Inú ìkọ́ra díẹ̀díẹ̀ ni ó wà. Òmùwẹ̀ tí ó gbàgbé èyí ni omi ń gbé, òun ni òwe àwọn baba wa sì ń bá wí. Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá jù. Ilẹ̀ wa kún fún odò àti ọ̀sà, síbẹ̀ ohun tí a sábà ń sọ fún àwọn ọmọ wa kò ju pé kí wọ́n má dé ibẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ dára, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kò gbé ẹni tí ó ti ṣubú jáde. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹni kan bá wà ní abúlé yín tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, apẹja ni o, atukọ̀ ni o, ẹ pè é kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ibi tí omi kò jìn, kí àgbà sì wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwa mẹ́wàá ti ọjọ́ náà bá ti rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbà, bóyá ẹnìkejì wa ì bá dàgbà.