Ọ̀nà Omi Dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Etí ọ̀sà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà. Ìkòròdú kọjú sí Èkó láti òdìkejì omi. Ẹ̀pẹ́ wà níwájú lọ́nà ìlà-oòrùn, lápá ibi tí ọ̀sà Lẹ́kì wà. Kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni àlejò láti Èkó fi ń wọ ìlú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àlejò ṣe ń dé ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ojú omi ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń kó àlejò lọ sétí omi kò jọra níbi gbogbo. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àìsàn àti ìsinmi ló kó èrò lọ sétí òkun. Ìlú apẹja ni Brighton kí oníṣègùn kan, Richard Russell, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn aláìsàn, ní nǹkan bí ọdún 1750, pé kí wọ́n máa wẹ omi òkun, kí wọ́n tilẹ̀ máa mu ún. Ọmọ ọba wọn lọ síbẹ̀ ní 1783, àwọn olówó sì tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ojúirin dé Brighton ní 1841, ó dé Blackpool, ìlú etí òkun mìíràn, ní 1846. Nígbà tí òfin ọdún 1871 sì fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi, mẹ̀kúnnù náà bá wọn débẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ogun àti ọjà ló kó àlejò wá.

Àlejò tí Ẹ̀pẹ́ ò lè gbàgbé ni Ọba Kòsọ́kọ́. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè, tó ti jọba ṣáájú rẹ̀, padà. Kòsọ́kọ́ gba ojú ọ̀sà lọ, òun àti àwọn jagunjagun rẹ̀, Òṣódì Tápà wà lára wọn. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, fún wọn láyè, wọ́n sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùdó. Kò pẹ́ tí Ẹ̀pẹ́ fi di ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá bẹ̀ wò: ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, aṣojú ìjọba wọn, Benjamin Campbell, bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun ò ní gbógun ti Èkó mọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé ti Kòsọ́kọ́ ni èbúté Pálmà létí òkun.

Ọdún 1862 ni Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó. Ibi tí Òṣódì àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó là ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Àwọn tí kò bá wọn padà ni baba ńlá àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń bá Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ gbé pọ̀. Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ yìí ló ń ṣe ọdún Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá, láti rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wà lájò a wálé, oúnjẹ a pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ní ọdún Òkòsì tiwọn, tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi dárà. Bí ẹ bá bi mí léèrè ìgbà tó yẹ kéèyàn lọ sí Ẹ̀pẹ́, àsìkò ọdún wọ̀nyí ni màá sọ.

Ti Ìkòròdú le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà ni fún Rẹ́mọ: ọjà tó bá ń ti òkè bọ̀ wá sí Èkó, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí Ẹ̀gbá fi dó tì í, títí Gómìnà Glover fi rán ọmọ ogun gba ojú ọ̀sà lọ lé wọn ní oṣù Kẹta 1865. Ní 1892 ẹ̀wẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó rìn lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n.

Ọ̀nà mọ́tò ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Èjìnrìn, nítòsí Ẹ̀pẹ́, tí ọjà rẹ̀ kún fọ́fọ́ fún ará Èkó àti Ìjẹ̀bú láyé ọjọ́un, rọlẹ̀. Ọ̀nà Ìkòròdú gba èrò lọ́wọ́ èbúté. Láyé Gómìnà Lateef Jakande, tí wọ́n bí ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ọ̀nà gba Lẹ́kì kọjá dé Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà náà wúlò, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa láti kẹ̀yìn sí omi. Àdánù ńlá ni mo ka èyí sí.

Ohun tí kò rọlẹ̀ ni ẹja. Ère ẹja ńlá méjì ni àmì ìlú Ẹ̀pẹ́, òótọ́ rẹ̀ sì wà lọ́jà Olúwo. Abọ̀rí ń jà nínú ọpọ́n, omi ń ta sí oníbàárà lára. Èpìyà wà níbẹ̀, ẹja ọ̀sàn náà wà, owó tiẹ̀ ga. Bí ẹ bá ti ná an tán, obìnrin tó jókòó ti pákó á fi àdá ha ìpẹ́ rẹ̀, á la ikùn rẹ̀, á gé e síwọ̀n ìkòkò yín kí ẹ tó ka owó tán. Ẹni tó bá mọ ìkọ́kọrẹ́ í sè mọ ohun tí ẹja yíyan ibẹ̀ ń ṣe nínú ọbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ti ń padà bọ̀. Ìjọba Èkó dá àjọ LASWA sílẹ̀ ní 2008 láti bójú tó ọ̀nà omi, ní 2020 Gómìnà Sanwo-Olu ṣí LAGFERRY, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìjọba, ọkọ̀ sì ń ná Ìkòròdú sí Erékùṣù Èkó. Mo bẹ ìjọba kí wọ́n tọ́jú èbúté bí wọ́n ṣe ń tọ́jú títì, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ tó ṣeé fọkàn tán máa dé Ẹ̀pẹ́ déédéé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kódà bí ẹ bá mọ̀wẹ̀, ẹ má sì wọ ọkọ̀ lálẹ́.