Kápò àti Ohùn Olórin

Àwọn kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà tí mò ń gbé máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni onígìtá tó bá ń lo kápò. N kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn sì gbè mí lẹ́yìn.

Kápò ni a fi ń di gbogbo okùn gìtá mọ́ ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irin tín-ín-rín ni wọ́n tò sí ọrùn gìtá. Bí a bá ti kúrò ní ìdí ọ̀kan bọ́ sí ìdí èkejì, ohùn á gòkè ní ìpele kan, ìpele 12 ló sì wà láti dò dé dò kejì. Bí mo bá di kápò sí ìdí irin kejì, ìka mi á tẹ kọ́ọ̀dù G bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n A ni ẹ ó gbọ́.

Ohun àtijọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Ítálì, capotasto, ti wà nínú ìwé Giovanni Battista Doni láti 1640. Ní 1850, James Ashborn, ará Connecticut ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí èyí tí òun ṣe.

Ní ti gìtá, àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó tan títa rẹ̀ kálẹ̀ ní etíkun wa. Ní Èkó, ní àwọn ọdún 1930, Túndé King ń ta gìtá-báńjò sí orin jùjú, ohùn òkè ló sì fi ń kọ ọ́. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọnú rẹ̀. Síbẹ̀, olórin ló ń ṣíwájú, ohun èlò ń tẹ̀lé e.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọmọ wa. Onígìtá ìjọ tí kò mọ̀ ju C àti G lọ á fi dandan mú ọmọbìnrin olóhùn òkè wálẹ̀. Ọmọ á máa kùn nínú ọ̀fun, wọn á ní kò mọ orin kọ. Kápò ní ìdí irin kẹta á gbé orin náà dé ibi tí ohùn rẹ̀ wà.

Ṣé kò ní ba ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́? Rárá. Dò, re, mí tí olùkọ́ fi kọ́ wa ní àmì ohùn á jọ gòkè pọ̀ ni: ọkọ̀ á ṣì jẹ́ ọkọ̀, kò ní di ọkọ́. (Ohùn orin òyìnbó tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá há ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ẹ má fi sí kápò lọ́rùn.) Onígángan pàápàá ń fún ọsán ìlù mọ́ abíyá kí ohùn lè gòkè, kò sí ẹni tó pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹni tí kò lówó kápò lè fi pẹ́ńsùlù dábùú okùn, kó fi rọ́bà dè é pinpin. Kó sún mọ́ irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ okùn á máa hó. Kó sì tún ohùn okùn kọ̀ọ̀kan gbọ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀.