Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní University of Utah

Ní ọdún 1847 ni àwọn ọmọ ìjọ Mormon, tí Brigham Young jẹ́ olórí wọn, dé àfonífojì kan láàrin àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ ìlú Salt Lake City dó. Ní 1850 wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ níbẹ̀. University of Utah ni a ń pè é láti 1892 wá.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni kì í sùn sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Láti ilé ni wọ́n ti ń wá, ilé ni wọ́n sì ń padà sí. Ẹni tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ báyìí lè mọ ìwé dáradára, kí ó má sì ní ọ̀rẹ́ kan. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ tí a fi lẹ́tà èdè Gíríìkì sọ lórúkọ ni ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Phi Beta Kappa, tí a dá sílẹ̀ ní Virginia ní 1776, ni àkọ́kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni ti ọkùnrin àti ti obìnrin di púpọ̀. Wọ́n ní ilé tiwọn, wọ́n sì ń pe ara wọn ní arákùnrin àti arábìnrin. Ṣùgbọ́n ọtí a máa ṣàn ní àríyá ọ̀pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ìjọ Mormon gbà ní 1833 kọ ọtí, tábà, tíì àti kọfí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wọn a máa fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì láti lọ wàásù. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, ẹgbẹ́ wọn ti lọ síwájú.

Kí ni kí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Àwọn kan wọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, wọ́n sì pa ìlànà wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ní 1936, Lowell Bennion, olùkọ́ ẹ̀sìn ìjọ náà lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ yìí, dá Lambda Delta Sigma sílẹ̀ fún tọkùnrin tobìnrin. Ó ní lẹ́tà Gíríìkì, ó ní ìfẹ́ ará, kò sì ní ọtí. Ní 1967 a ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí Sigma Gamma Chi, a sì fi Lambda Delta Sigma sílẹ̀ fún obìnrin. Ní 2011 ni ìjọ pa méjèèjì tì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyè sí i. Ó rọrùn láti wí fún ọ̀dọ́ pé, “Má lọ sí ọ̀hún.” Bennion mọ̀ pé ẹni tí a dí ọ̀nà kan mọ́ kò ní jókòó sójú kan, ó la ọ̀nà mìíràn fún un, ọ̀nà náà sì wúlò fún ọdún márùndínlọ́gọ́rin.