Ẹbí Ló Ń La Ojú: Ìtàn Ìyọ̀ǹda Kọ́níà Òkú, àti Ohun Tó Kàn Tanke

Láti ọdún 1973 ni ìjọba ológun ti ṣòfin tó fàyè gba lílo kọ́níà òkú láti la ojú alààyè ní Nàìjíríà. Kọ́níà ni awọ tín-ín-rín tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú. Bí àpá bá bò ó, ìmọ́lẹ̀ ò ní rọ́nà wọlé mọ́, àfi kí wọ́n fi ti ẹlòmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Òfin Ìlera ọdún 2014 tún fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Síbẹ̀, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́níà tí àwọn oníṣẹ́-abẹ ojú wa ń lò ti ń wá. Àṣà àti ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá lẹ́bi. Lójú tèmi, ìtàn ò gbè wọ́n: níbi tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹbí lásìkò, láti ẹnu ẹni tó yẹ, ẹbí ń yọ̀ǹda.

Nígbà tí dókítà ojú kan, Eduard Zirm, ṣe iṣẹ́ pípààrọ̀ kọ́níà yìí yọrí ní Olomouc ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1905, kò tíì kan òkú rárá. Ojú ọmọdékùnrin ọlọ́dún 11 kan, tó ti bàjẹ́ débi pé wọ́n ní láti yọ ọ́, ni Zirm lò fún Alois Glogar, lébìrà tí ẹfun ìkọ́lé jó lójú. Àfìgbà tí dókítà ojú mìíràn, Vladimir Filatov, fi hàn ní Odessa, ní àwọn ọdún 1930, pé kọ́níà òkú náà ń ṣiṣẹ́ ni ìbéèrè dé: ta ni kí wọ́n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Townley Paton dá ilé ìpamọ́ ẹyinjú sílẹ̀ ní New York ní 1944. Ìlú ọba ṣòfin tirẹ̀ ní 1952. Sri Lanka, tí kò lówó tó wọn, ló wá ta wọ́n yọ. Hudson Silva, ọmọ ibẹ̀, bẹ àwọn ará ìlú nínú ìwé ìròyìn ní 1958 pé kí wọ́n yọ̀ǹda ojú wọn lẹ́yìn ikú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1960, kọ́níà ìyá náà ni wọ́n fi la ojú àgbẹ̀ tálákà kan. Ó dá ẹgbẹ́ ìyọ̀ǹda ojú sílẹ̀ ní 1961, nígbà tó sì di 1964, kọ́níà wọn ti dé Singapore. Ẹni tó ti fi ti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu láti tọrọ ti ìyá ẹlòmíràn. Ní Hyderabad ní India, ilé ìwòsàn ojú L V Prasad Eye Institute fi àwọn olùtùnú tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n máa bá ẹbí olóògbé jókòó kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká wò ó ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ló sọ àdúgbò yìí di ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti oníṣòwò tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Òfin 2014 ní bí olóògbé ò bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọkọ tàbí aya ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi, kó tó kan ọmọ tó ti dàgbà, òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ṣùgbọ́n nínú agboolé Ìlọrin, mógàjí àti àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀ lórí òkú. Opó kì í dá a sọ. Ti akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí rẹ̀ wà ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tún le jù, torí wákàtí díẹ̀ ni kọ́níà fi ń dúró, pàápàá nínú ooru. Ilé ìwòsàn tó bá gba ìbuwọ́lùwé aya nìkan ti dá ìjà sílẹ̀ nílé olókùú. Kí wọ́n pe aya, àkọ́bí àti àgbà kan sínú yàrá kan náà. Kí ẹni tí yóò béèrè má jẹ́ dókítà tó tọ́jú olóògbé, kó má sì jẹ́ oníṣẹ́-abẹ tó ń retí kọ́níà. Kó kọ́kọ́ bá wọn kẹ́dùn. Kó wá ṣàlàyé pé ojú òkú yóò padé bí ojú ẹni tó sùn, àti pé kò sówó nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kó dúpẹ́, kó sì dìde.

Àwọn kan á ní ìlú àfáà ni Ìlọrin, òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kọ́níà náà ò fẹ́ ìdádúró: wọ́n lè yọ ọ́ láàárín wákàtí kan, kí wọ́n tó wẹ òkú. Àpérò àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó jókòó ní Jeddah ní 1988 fàyè gba irú rẹ̀, bí olóògbé tàbí àwọn ajogún rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Pakistan, ilẹ̀ Mùsùlùmí, ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ́níà láti Sri Lanka. Àfáà tí kò gbà ṣì wà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àfáà ìdílé wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù àwọn olóògùn owó ló wúwo jù, a ò sì lè fi ẹ̀rín gbá a dànù. Òfin ti ka títa ẹ̀yà ara sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ló ń fọkàn ẹbí balẹ̀: kí wọ́n fún wọn ní ẹ̀dà tó sọ ohun tí wọ́n mú, ẹni tó mú un àti wákàtí tó mú un, kí wọ́n sì padà wá sọ fún wọn nígbà tó bá ti la ojú. Àwọn mìíràn á ní ìkà ni láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká béèrè nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sunkún, torí ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òfin gba ọ̀rọ̀ ẹnu níwájú ẹlẹ́rìí méjì.

Kí àwọn ilé ìwòsàn Ìlọrin yan àwọn tí yóò máa béèrè, kí wọ́n kọ́ wọn, kí wọ́n sì máa sanwó wọn. Ẹ̀yin olórí ìdílé náà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀, kí kálukú sọ tirẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.