Àjẹ̀ Tí Ó Ṣọ̀kan: Ìtàn Àwọn Ọ̀dọ́ Atukọ̀ ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa eré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe bí ẹni pé ara kan ni wọ́n, ẹwà rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Àpẹẹrẹ kan ni eré yíyọ̀ lórí omi dídì ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ann Arbor, ní Amẹ́ríkà, ní 1956. Richard Porter ni ó kó ẹgbẹ́ náà jọ. Wọ́n wọ bàtà tí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́ nísàlẹ̀, wọ́n sì ń yọ̀ ní ìlà kan, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Hockettes ni wọ́n ń pè wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni láti dá àwọn òǹwòran lára yá ní àkókò ìsinmi àárín eré họ́kì Yunifásítì Michigan. Ní 2000, eré náà ní ìdíje àgbáyé tirẹ̀ ní Minneapolis. Ìran wíwò ni ó bí i.

Omi kì í dì ní Ìlàjẹ. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń rìn bí ara kan lójú omi. Níbi ìwúyè ọba àti ọdún ìbílẹ̀ ni àlejò ti ń rí wọn nínú eré ọkọ̀, ìdí sì nìyí tí ó fi rọrùn láti ka ìtàn wọn mọ́ ìtàn eré ìdárayá. Èrò bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà. Iṣẹ́ ni ó bí ìṣọ̀kan àjẹ̀ ní Ìlàjẹ. Ìgbà tí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ àjẹ̀ ni eré wá di ibi tí ìṣọ̀kan náà fara pamọ́ sí.

Ìlàjẹ wà ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí òkun, ọ̀sà àti irà ti pàdé. Ùgbò àti Máhìn wà lára àwọn ìlú ọba tí ó lókìkí jù níbẹ̀. Orí òpó igi ni ọ̀pọ̀ ilé dúró sí, omi sì ni ọ̀nà tí ó so abúlé mọ́ abúlé àti ọjà. Ọmọ tí kò mọ ọkọ̀ wà níbẹ̀ dà bí ọmọ òkè tí kò tíì rìn. Nínú ọkọ̀ kékeré, ẹnì kan tó: ọ̀pá ni yóò lò níbi tí omi kò bá jìn, yóò sì lo àjẹ̀ níbi tí ó bá jìn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńlá yàtọ̀. Méjì méjì ni àwọn awakọ̀ ń jókòó, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì; ẹni tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ sì ń darí rẹ̀. Bí àjẹ̀ ẹnì kan bá wọ omi ṣáájú ti àwọn yòókù, ọkọ̀ yóò fì sí ẹ̀gbẹ́, agbára ẹlòmíràn yóò sì ṣòfò. Bí ó bá pẹ́ jù kí ó tó fà á jáde, yóò kọlu àjẹ̀ ẹni ẹ̀yìn rẹ̀. Orin ni ó ń pa àkókò mọ́: ẹnì kan ń dá a, àwọn tí ó kù ń gbè é. Níbi tí ìgbì òkun ti ń fọ́ létí iyanrìn, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ẹwà pátápátá. Ńṣe ni wọn yóò dúró de àlàfo láàrin ìgbì méjì, kí gbogbo wọn tó fà á pọ̀. Bí ọwọ́ wọn kò bá ṣọ̀kan, ọkọ̀ yóò fi ẹ̀gbẹ́ ko ìgbì, yóò sì dojú dé.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ọkọ̀ tí a fi ìtì igi kan ṣoṣo gbẹ́ ní agbègbè ẹnu odò Ọya lè gba 80 ènìyàn. Ìlàjẹ kọ́ ni ó ń sọ, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí tààrà fún Ìlàjẹ. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni ó so ibẹ̀ mọ́ Máhìn, Ẹ̀pẹ́ àti Èkó. Ojú ọ̀nà omi yìí ni Kòsọ́kọ́ gbà dé Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Òun náà ni ó fa àwọn oníṣòwò Jámánì dé ọ̀dọ̀ Amàpetu ti Máhìn, tí wọ́n fi bá a ṣe àdéhùn ní 1885, kí ilẹ̀ náà tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Robert Smith, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọkọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó jáde ní 1970, fi hàn pé ọkọ̀ ni òwò àti ogun àwọn ènìyàn etí omi gbára lé. Ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni agbára ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

Àárín ọ̀rúndún ogún ni nǹkan yí padà. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ Ayétòrò dó létí òkun. Ìwé tí Stanley Barrett kọ lórí ìlú náà ní 1977 ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n sì ń kó èrè sí àpò kan. Ẹja pípa ni orísun ọrọ̀ wọn, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ fúnra wọn. Ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń ra ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń tàn káàkiri etí omi, ẹnì kan ní ìdí ọkọ̀ tó fún iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń pawọ́ pọ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá ti fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù láti Ìlàjẹ dé Èkó rí kò ní bẹnu àtẹ́ lu ìyípadà yìí. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ògiri ni ó tì pa.

Eré ni ó kù. Nígbà àjọ̀dún FESTAC ní 1977, wọ́n ṣe eré ọkọ̀ létí ọ̀sà ní Ìkòyí, àwọn ìpínlẹ̀ olómi sì kó ọkọ̀ wọn wá. Ní Ẹ̀pẹ́, ọdún Okosi ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ọkọ̀ inú ìran wọ̀nyí kò ru ẹja, kò sì ná ọjà. Síbẹ̀, àjẹ̀ inú rẹ̀ ṣì gbọdọ̀ ṣọ̀kan. Ohun kan tí ìran náà ń bò mọ́lẹ̀ ni ti àwọn obìnrin. Ọkùnrin ni ó sábà máa ń kún inú ọkọ̀ eré, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá àti ọmọbìnrin Ìlàjẹ ni ó ń wa ọkọ̀ lọ sí ọjà. Ìtàn tí ó bá ti ibi ìwúyè bẹ̀rẹ̀ yóò fò wọ́n dá. Ní 2019, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Ayomide Bello, gba wúrà nínú ìdíje ọkọ̀ wíwà níbi Eré Áfíríkà ní Mòrókò, ó sì wa ọkọ̀ fún Nàìjíríà ní Tokyo ní 2021, níbi tí àwọn obìnrin ti kọ́kọ́ wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Òlíńpíìkì. Nínú ìdíje ẹlẹ́ni-méjì, ńṣe ni àwọn méjèèjì ń kúnlẹ̀, ọ̀kan ń wà á lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, àjẹ̀ wọn sì ń wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Ayétòrò, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà, àwọn ìdílé sì ń ṣí kúrò níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n wa ọkọ̀ ńlá kí ẹ́ńjìnnì tó gbòde ti darúgbó, wọ́n sì ń dín kù. Ọ̀dọ̀ wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó yẹ kí ìwádìí lórí orin àti ètò ìjókòó inú ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan ibi ìwúyè ọba.