Iye Owó Iṣẹ́ Abẹ Ọ̀rá Fífà àti Bí A Ṣe Lè Ṣètò Rẹ̀

Iṣẹ́ abẹ ọ̀rá fífà, tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń pè ní lipo, ni iṣẹ́ tí dókítà fi ń dá ihò kéékèèké sí ara ènìyàn, tí ó sì ń ti ibẹ̀ ki ọ̀pá tín-ín-rín oníhò bọ abẹ́ awọ, kí ẹ̀rọ lè fa ọ̀rá tí ó kó jọ sí ikùn, ìbàdí, itan, apá tàbí abẹ́ àgbọ̀n jáde. Kì í ṣe oògùn ìsanra, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò ó, nítorí pé ọ̀rá tí ó wà láàárín awọ àti ẹran nìkan ni ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ kàn. Èyí tí ó ká ìfun mọ́ inú lọ́hùn-ún, tí òun gan-an sì ń fa àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru jù, kò sí dókítà tí yóò fi ọ̀pá wá a lọ. Ẹni tí ó bá sì padà sí ìjẹkújẹ lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ọ̀rá yóò tún wá ibòmíràn jókòó sí lára rẹ̀. Ìrísí ni owó iṣẹ́ abẹ yìí ń rà, kò ra ìlera, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn kò lè mọ̀ bóyá ọjà náà wọ́n tàbí ó pọ̀.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní ọdún 1921, ní ilẹ̀ Faransé, Charles Dujarier gbìyànjú láti ha ọ̀rá kúrò lẹ́sẹ̀ oníjó kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kú, wọ́n sì gé e, ẹ̀rù sì ba àwọn dókítà yòókù fún ìgbà pípẹ́. Láàárín ọdún 1974 sí 1976 ni Giorgio Fischer àti Arpad bàbá rẹ̀ gbé ọ̀pá oníhò jáde ní Róòmù; láìpẹ́ sí i, Yves-Gérard Illouz tún un ṣe ní Paríìsì; nígbà tí ó sì di ọdún 1987, Jeffrey Klein, dókítà awọ ara ní California, kọ ìwé lórí ọ̀nà tí ó ti rí, pé kí a kọ́kọ́ da omi iyọ̀ tí a pò mọ́ oògùn apa-ìrora àti adirẹnalínì sábẹ́ awọ, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà púpọ̀. Ọ̀nà Klein yìí ni ó sọ iṣẹ́ tí a ti ń fi oorun àfoògùnsùn ṣe di èyí tí a lè ṣe nígbà mìíràn kí aláìsàn wà lójúfò, kí ó sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni iye owó rẹ̀ ti ń wá sí ibi tí ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe olówó ńlá lè tó o, láti ìgbà náà náà sì ni àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ náà yanjú ti rí àyè wọ inú rẹ̀.

Ìfẹ́ iṣẹ́ abẹ yìí ti kọjá Èkó dé àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mòwé àti Ìbàfọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìfọ̀, tí ó jẹ́ orí ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ìlú àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde ni wọ́n ti dà báyìí, àwọn tí ń jí kí àkùkọ tó kọ láti wọkọ̀ lọ sí Èkó, tí oòrùn kì í sì í bá nílé. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ń sùn, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ojú Èkó sì ni wọ́n fi ń wo ara wọn. Láyé àwọn bàbá wa, ikùn tí ó kún agbádá ni àmì pé ilé kún. Obìnrin tí ó bá sanra, wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Lónìí, ọmọbìnrin tí ó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìbàfọ̀ ń rí ìbàdí àwọn òṣèré lórí fóònù rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀, ó sì ń rí ìpolówó àwọn ilé ìwòsàn Ìkẹjà, Lẹ́kí àti Victoria Island lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dínwó ọdún Kérésì àti èènì lórí rẹ̀, bí ẹni tí ń ta gàrí.

Iye tí wọ́n bá pè nínú irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iye tí yóò tán níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ aṣaralóge ti máa ń kéde ìpíndọ́gba iye tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ń gbà, iye tí wọ́n kéde fún ọdún 2020, tí ó lé ní 3,600 dọ́là, owó ọwọ́ dókítà nìkan ni. Kò sí owó dókítà tí ń fi oògùn gbé ènìyàn sùn nínú rẹ̀, kò sí ti tíátà, kò sí ti oògùn, kò sì sí ti aṣọ afúnra tí a ó wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Èkó, owó káàdì ni a ń kọ́kọ́ san kí dókítà tó fojú kan ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, bóyá ó ń dì bó ti yẹ, bóyá ọkàn, kíndìnrín àti ṣúgà inú ara dára. Lẹ́yìn èyí ni owó ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ, ti afoògùn-gbéni-sùn, ti yàrá, ti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti ti dísù tí ẹ̀rọ amúnáwá yóò jó, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀pá sábẹ́ awọ ènìyàn kí ó máa retí kí iná ìjọba dé. Ẹ̀yà ara sì ni wọ́n fi ń ka owó: ikùn lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, apá méjèèjì lọ́tọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gbọ́ iye kan fún ikùn lè rí i pé ó ti di ìlọ́po méjì nígbà tí wọ́n bá fi ìhà kún un. Ilé ìwòsàn tí ó bá sì ń pariwo pé òun yóò fa gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà ní owó pọ́ọ́kú, kí a sá fún un, nítorí pé ohun tí a bá fà kọjá lítà márùn-ún, àwọn onímọ̀ ti kà á sí iṣẹ́ ńlá tí a gbọ́dọ̀ fi sùn ní ilé ìwòsàn lábẹ́ ìṣọ́. Àwọn kan tún máa ń gún ọ̀rá náà padà sí ìdí kí ó lè tóbi. Ìwádìí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fúnra wọn gbé jáde ní 2017 fi hàn pé bí ẹni kan nínú ẹgbẹ̀ẹ́dógún, èyíinì ni 3,000, ni èyí ń pa, nítorí pé ọ̀rá a máa bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Bí a bá béèrè ìdí tí iye tí ọ̀rẹ́ ẹni san ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn kò fi ran ẹni lọ́wọ́ lónìí, kí a wo ojú náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e. Dọ́là tí kò tíì tó 500 náírà ní iye ìjọba kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Oògùn, abẹ́rẹ́, òwú ìránṣọ-ara àti ọ̀pá tí a fi ń fa ọ̀rá, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 kan náà ni ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé òun ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Owó oṣù tí ó kéré jù lábẹ́ òfin, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024, jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tí ó bá ń gbà á, tí kò jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò sanwó ilé, 840,000 ni yóò ní ní àpapọ̀ fún ọdún kan gbáko, nígbà tí iṣẹ́ abẹ yìí ní Èkó sì ti di ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù.

Èyí tí ojú kì í sábà tó ni owó tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ara á wú, á sì ṣẹ́jẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni ẹni tí ń jókòó ṣiṣẹ́ kò ní lè lọ síbi iṣẹ́, oníṣòwò tí ń gbé ẹrù yóò sì lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwú náà kì í sì í lọ tán pátápátá títí oṣù mélòó kan. Aṣọ afúnra, tí a ó máa wọ̀ lọ́sàn-án lóru fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nínú ooru ilẹ̀ wa, kò tó ẹyọ kan, nítorí pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lára kí ọ̀kan wà lórí okùn. Ojú ọ̀nà ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ní Lẹ́kí láàárọ̀, tí ó ń padà sí Mòwé nírọ̀lẹ́, yóò bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Káárà lójú ọ̀nà márosẹ̀ pàdé, yóò jókòó fún wákàtí mẹ́ta láìnasẹ̀, yóò sì wá fi kórópè parí ìrìn náà lórí kòtò ọ̀nà àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ ìjókòó pípẹ́ láìrìn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kí ó sì gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Bí èémí bá wá ń há lóru, tí ibà dé, tàbí tí ikùn le gbandi, ẹni tí ó wà ní Mòwé yóò máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ṣágámù tàbí ti Ìkẹjà, ẹni tí ó wà ní Ìfọ̀ yóò sì dojú kọ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta. Nítorí náà, owó ibùsùn alẹ́ bíi mélòó kan nítòsí dókítà, àti ti ẹbí kan tí yóò bá ni sùn níbẹ̀, wà lára iye iṣẹ́ abẹ náà, bí wọ́n tilẹ̀ kọ̀ láti kà á mọ́ ọn.

Ìfọ̀ ní ìdí tirẹ̀ láti má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ìbógun-Ọláogun, abúlé tí wọ́n ti bí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, aya rẹ̀, Stella Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ aya ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, sì kú ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀rá fífà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lẹ́bàá Marbella, ní ilẹ̀ Spéènì, nígbà tí ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Ohun tí ó hàn ní ilé ẹjọ́ ni pé ọ̀pá náà ṣìnà wọ inú ikùn, ó gún ìfun, ó sì ya ẹ̀dọ̀. Ní ọdún 2009 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún dókítà náà, tí wọ́n sì ní kí ó san 120,000 yúrò fún ọmọ olóògbé. Owó kò wọ́n ẹni náà, ilẹ̀ òyìnbó ni ó lọ, ilé ìwòsàn náà kò sì sí ní ẹ̀yìn ọjà. A máa ń wí pé owó pọ́ọ́kú ni ń pa ènìyàn. Òótọ́ ni, àmọ́ owó gọbọi pẹ̀lú kì í ṣe onígbọ̀wọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a fi owó wá ni ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Abèèrè kì í ṣìnà: kí a béèrè bóyá orúkọ dókítà náà wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ MDCN, tí ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, bóyá iṣẹ́ abẹ atúnraṣe ni ó kọ́ fún ọdún púpọ̀ títí tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tàbí ti Nàìjíríà fi gbà á wọlé, tàbí ó kàn lọ jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan gba ìwé ẹ̀rí, kí a sì béèrè bóyá àjọ HEFAMAA, tí ń fún àwọn ilé ìwòsàn Èkó ní ìwé àṣẹ, mọ ilé náà. Ilé ìwòsàn Igbóbì àti LUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó, ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ atúnraṣe. Iṣẹ́ ìjàǹbá iná àti ètè yíya ni ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n owó káàdì lásán ni a ó fi gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹni tí kò ní nǹkan tà. Àjọ FCCPC, tí ń gbèjà àwọn oníbàárà, ti ilé ìwòsàn aṣaralóge kan pa ní Èkó ní 2020 lẹ́yìn ikú aláìsàn. Ní 2023 ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá dókítà ibẹ̀ lẹ́bi. Kí á ṣàkíyèsí pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án níbẹ̀ ni pé kò jẹ́ ìpè àjọ náà, kì í ṣe ikú fúnra rẹ̀. Ọ̀nà òfin jìn, ìsinmi kò sì sí níbẹ̀ fún ẹni tí ara ń dùn.

Ní ti ibi tí owó yóò ti wá, ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, NHIA, kò gbé ẹrù iṣẹ́ abẹ aṣaralóge. Àjọ àti kọ́péréétífù ni ó dára jù, nítorí pé ẹni tí ń dá 100,000 lóṣù yóò fi ọdún kan kó 1,200,000, ọdún yẹn yóò sì fún un láyè láti ronú dáadáa. Mo ti rí àwọn tí ìfẹ́ náà kú lọ́wọ́ wọn kí àjọ tó yí kàn wọ́n, tí wọ́n sì fi owó náà kan òrùlé. Èyí tí ó burú ni kí a lọ bá àwọn gbọ́mú-lé-lántà tàbí àwọn ayánilówó orí fóònù. Ọ̀dájú ló bí owó, ìtìjú ló bí gbèsè, àwọn wọ̀nyí sì mọ̀ ọ́n lò, nítorí pé ìtìjú ara ẹni ni wọ́n fi ń fani wọlé, ìtìjú lójú aráyé ni wọ́n sì fi ń gba owó wọn padà, nípa kíkọ ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù ajigbèsè, tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC fi gbé òfin ìgbà díẹ̀ jáde lórí wọn ní 2022.

Kí a tó san kọ́bọ̀ àsansílẹ̀, kí a gba gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ẹ̀yà ara tí wọn yóò fà, ohun tí ó wà nínú iye náà àti ohun tí kò sí níbẹ̀, iye tí wọn yóò dá padà bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ara kò gbà á, àti ẹni tí yóò sanwó bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ tí a ní láti tún un ṣe. Kí a gba rìsíìtì, kí ó sì jẹ́ orúkọ ilé ìwòsàn ni àkáǹtì tí a sanwó sí ń jẹ́. Obìnrin tí ó bá sì ń pète láti bímọ sí i, àwọn dókítà olóòótọ́ a máa sọ fún un kí ó parí ìbímọ ná, nítorí pé oyún yóò tún fẹ ikùn náà, ilé ìwòsàn kò sì ní dá owó padà nítorí rẹ̀.